Ògùrọ̀ Felicia Nínú Ìgò Olóyìnbó

Ẹ bá mi bi wọ́n, kí ni ògùrọ̀ ṣe? Lẹ́yìn owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù, nígbà tí owó epo ń gun gbogbo èèyàn, ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò pàápàá ń bèèrè wáìnì òyìnbó. Ilé Felicia ní Ìbà ni mo ti ń mu ògùrọ̀ tèmi. Inú máa ń bí mi sí àwọn oníbàárà àtijọ́ tó ń kọjá lọ bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí.

Àkànjí, ọkọ Felicia, ló ń dá ẹmu náà ní àbàtà kan lápá Ajangbadi. Kì í bu omi là á, kì í fi sákárìn sí i, oògùn òyìnbó kankan ò sì kan ìdí igi rẹ̀ rí. Bó bá gbé e dé láàárọ̀, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń hó nínú agbè. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rà á mọ́, kọntirákítọ̀ kan sì ń yọ Àkànjí lẹ́nu pé kó ta àbàtà náà fóun, kóun da iyanrìn sí i, kóun kọ́lé. Ó ti sú Àkànjí. Ọ̀bẹ tó ti kú ló fi ń dá ẹmu, kò tiẹ̀ pọ́n ọn mọ́. Àyà Felicia ń já, torí ibẹ̀ ni bàbá ọkọ rẹ̀ náà ti dá ẹmu títí tó fi kú.

Ìdána Wọlé, àbúrò Felicia, ló wá dá kún un. Ẹmu la fi ń kí àwọn àgbà ilé ìyàwó, ta ni ò mọ̀? Wọlé ní rárá.

“Sìstá mi, ẹ má bínú. Ògùrọ̀ kẹ̀, nínú kẹ́ẹ̀gì? Wọ́n á ní a ò tíì ṣe tán. Wáìnì tó ń hó, èyí tó máa ń dún pó, ni mo fẹ́ gbé lọ.”

Àkànjí rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà korò. “Ṣé o ti gbọ́? Bí àbúrò ẹ ò bá lè gbé e síwájú àna, ta ló máa rà á? Tí ìdána yẹn bá ti kọjá, mo máa gbà fún kọntirákítọ̀.”

Felicia ní bó bá jẹ́ ìgò tó ń dún pó ni wọ́n ń fẹ́, òun náà á ṣe é. Ó lọ ṣa ìgò ní àkìtàn, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ìgò bíà. Ewé la fi ń dé ẹmu, kó lè máa mí. Adẹ́mu kan kì í dé e pa. Felicia mọ̀, ṣùgbọ́n ìgò ti wọ̀ ọ́ lójú. Ó rọ ògùrọ̀ sí wọn, ó ki kọ́ọ̀kì bọ̀ wọ́n lẹ́nu, ó fi wáyà so wọ́n pinpin, ó tò wọ́n sí kọ̀rọ̀ yàrá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì la gbọ́ gbì! Gbà! Èmi ti nà gbalaja sílẹ̀, mo ń ké pé olè dé. Àkànjí sáré jáde, ògùrọ̀ ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bí Felicia ṣe ń gbá àfọ́kù, ó rí ìgò kan tí kò fọ́, ìgò wáìnì òyìnbó tó nípọn, tí ìdí rẹ̀ wọnú. Ó ṣí i. Pó! Ìfófòó hó jáde. Ó tọ́ ọ wò, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣa irú ìgò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ilé àwọn ọ̀gá ní Navy Town. Á jẹ́ kí ẹmu kọ́kọ́ hó dáadáa nínú agbè, kó tó sẹ́ ẹ sínú ìgò, á wá rì í mọ́ iyanrìn tútù lẹ́bàá kànga.

Lọ́jọ́ ìdána, Wọlé gbé tirẹ̀ kalẹ̀, Felicia gbé tirẹ̀ tì í. Bàbá ìyàwó, Bàbá Ládépọ̀, tọ́ ti Wọlé wò, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ṣí ti Felicia. Pó! Wọ́n mu ún, wọ́n gbé ìgò sókè, wọ́n ń wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

“Ògùrọ̀ mà lèyí,” ni wọ́n wí. “Irú ẹ̀ ni mo gbé lọ bá àna tèmi. Ta ló dá a?”

Felicia nawọ́ sí ọkọ rẹ̀, tó fara pamọ́ sẹ́yìn wa. Bàbá Ládépọ̀ tún rọ ife kan, wọ́n fi gbàdúrà fún àwọn ọmọ. “Ẹ fi wáìnì yẹn ṣe àwọn àlejò lálejò,” ni wọ́n ní. “Ẹ kó ìyókù èyí sí yàrá mi.” Ojú ti Wọlé, àmọ́ òun náà na ife.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kọntirákítọ̀ dé. Felicia kí i dáadáa, ó fún un ní ìjókòó.

“Ọkọ ẹ ńkọ́?” ni ó bi í.

Kò tíì dáhùn tí a fi gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé: Àkànjí ń pọ́n ọ̀bẹ.