Ṣọ́ọ̀kì Lára Ògiri Ìdáná

Bí mo bá rí ṣọ́ọ̀kì, tíṣà ìṣirò tó gba yàrá nílé wa ní Òmù-Àrán ni mo máa ń rántí. Ìpínlẹ̀ Kwara ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà.

Màmá mi kì í pàtẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tó bọ́ sí ọjọ́ ọjà wa, ó bi tíṣà léèrè ìgbà tí yóò tún rí bẹ́ẹ̀. Mo sáré ń kà á ní márùn-ún márùn-ún, torí ọrún-ọrún la ń ná an.

“Má ka òní mọ́ ọn,” ni tíṣà wí, bí ó ti máa ń wí fún gbogbo wa. “Mẹ́rin ni.”

Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri ìdáná, ìlà kan fún ọjọ́ kan. “Màmá, kò sí iye tó pín mẹ́rin àti méje láìṣẹ́kù, àfi oókan. Ó di ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó tún pàdé, ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣàì pàdé. Ọjà abúlé kejì, ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni. Mẹ́rin pín òun àti tiwa. Bí wọn ò bá ti pàdé níbẹ̀rẹ̀, wọn ò ní pàdé láé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó bára tan náà.”

A mọ̀ pé ó ní ẹ̀gbọ́n kan ní Rore, ọmọ ìyá rẹ̀, tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí tíṣà kú, a ránṣẹ́ sí Rore. Ẹnikẹ́ni ò wá. Màmá mi, tí kò bá a tan rárá, ló jókòó tì í títí wọ́n fi gbé e lọ. Ọjọ́ Ìsinmi ni, ọjọ́ ọjà sì ni, gẹ́gẹ́ bí ìlà ara ògiri ti wí. Màmá mi ò lọ sọ́jà, kò sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.