Àpótí Irinṣẹ́ Àbúrò Mi

Ogójì ọdún ni àbúrò mi ọkùnrin ti ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Tó o bá wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ rí, irin gidi, ó wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Òfin kan ló mú ní pàtàkì láyé: ṣí àpótí, mú irinṣẹ́, pa á dé lójú ẹsẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀, irinṣẹ́ á sá lọ. Ó tiẹ̀ fi sípíríǹgì sí ìdérí rẹ̀ kó lè máa pa ara rẹ̀ dé.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń fún ilé ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá, ó ní eruku ò gbọdọ̀ kàn án. Ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó ki wáyà gba ibẹ̀, ó fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin de ẹ̀rọ náà mọ́ ìsàlẹ̀, àpótí sì pa dé. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan sí i, èmi náà ò rí i.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú. Ọdún méjì ló ti ń wáṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni wọ́n pè é. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì dúró.

"Dádì, ó tún ti lọ o!"

Àbúrò mi á ṣí àpótí, á máa tú inú rẹ̀ wá sukurúdíráfà.

"Ó ti dé, Dádì! Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ó rí ohun tí mo fẹ́ mú ni."

Àpótí á pa dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Á tún ṣí i, á wá sípánà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti gbà tọkàntọkàn pé ẹ̀rù sípánà nọ́ńbà mẹ́jọ ló ń ba kọ̀ǹpútà náà. Ó fi okùn so sípánà náà kọ́ ara kọ̀ǹpútà. Ó tún ta òróró máṣíìnì sí i díẹ̀.

Ọjọ́rú dé. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjì, àwọn ọ̀gá ò yọ lójú kọ̀ǹpútà. Sípánà ń fì dirodiro lásán. Omi ti lé sójú ọmọ wa. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fọ́ kọ̀ǹpútà òṣì náà. Mo ṣí àpótí gbàgà kí n mú òòlù.

"Ẹ káàárọ̀ o," ohùn ọkùnrin kan jáde látinú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pa àpótí dé!" ni àbúrò mi sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Mo jọ̀wọ́ ìdérí. Ohùn náà já. Mo ṣí i. "Ẹ sọ̀rọ̀ nípa ara yín fún wa." Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa.

Mo wo àbúrò mi. Òun náà wò mí.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ni mo wí, "o ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́lé!"

Ó kúnlẹ̀, ó ti orí bọ abẹ́ ìdérí, ó sì fi gbé e ró fún odidi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, òógùn ń kán sórí àwọn sípánà.

Ọmọ wa gba iṣẹ́ náà. Ilé ló ti ń ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà. Mo ní kí àbúrò mi tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin náà, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tó ń ṣiṣẹ́. Ìdérí àpótí ló tú kúrò, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Sukurúdíráfà mẹ́ta ti sọnù látìgbà náà, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.