Ọkọ Mi Ń Yan Fílítà

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọkọ mi fi yan fílítà tí kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí ẹ̀rín ọ̀hún wá sú mi. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì la ń fọ̀ tí a ń lọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, orí ìdúró ni. Tí mo bá fi máa délé, ẹsẹ̀ mi á ti wú, apá mi á ti kú. Tí mo bá wá ní kí n gbé abọ́ oúnjẹ ka orí tábìlì, fílítà mẹ́ta ló máa jókòó síbẹ̀ bí àlejò pàtàkì.

“Ẹ jọ̀ọ́, olówó orí mi, ṣé kí n bu oúnjẹ fún àwọn náà ni?”

“Rọra o, ìyàwó. Mo ti fi ọ́ìlì sí ọ̀kan.”

Eléruku ni wọ́n ń pe ọkọ mi ládùúgbò. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta di lẹ́búlẹ́bú. Tó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ á funfun, àwọn ọmọdé á máa pariwo pé “Eléruku dé o!”, òun náà á gbọn aṣọ sí wọn lára, wọn á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Eré la fi ń ṣe nígbà yẹn. Lọ́dún tó kọjá, ikọ́ dé, kò sì lọ. Dókítà gbé fọ́tò àyà rẹ̀ síbi iná, ó ní eruku ti jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó ti wọlé ti wọlé, kò sí oògùn tó máa kó o jáde. Ó ní kí ó ṣáà má jẹ́ kí òmíì wọ̀ ọ́ mọ́. Bó ṣe fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ló ń gbé ilé dúró, àti ìwọ̀nba ohun tó bá rí nídìí àtúnṣe ọkọ̀ kékeré.

Ọkọ̀ kékeré tí mò ń wí yìí, àgbà ọkùnrin ló ń fi í ṣeré o, ẹ má rò pé ọmọdé ni. Rímóòtù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì gidi, epo kan tí wọ́n ń pè ní nítíró ló ń mu, ariwo rẹ̀ sì lè jí òkú. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń kó wọn lọ sí pápá gbalasa kan, wọ́n á máa fi wọ́n sáré nínú iyẹ̀pẹ̀. Dókítà eyín kan wà láàárín wọn, ọmọlúàbí èèyàn ni. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ kú lójijì. Ọkọ mi tú u palẹ̀, ó fi ìka ra inú rẹ̀, ó ní eruku ló jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Dókítà ra ẹ́ńjìnnì tuntun, ó gbé e wá.

“Bàbá, ẹ bá mi yan fílítà tí kò ní jẹ́ kí eléyìí kú. Ọwọ́ yín ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.”

Ó gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ẹ̀! Àfi bí ẹni pé wọ́n gbé ọmọ tuntun lé ọkọ mi lọ́wọ́. Fílítà oníbébà, ọjọ́ kejì ló ti lé ìyẹn kúrò lórí tábìlì. Ó ní ìyẹn dáa lórí títì ọlọ́dà, àmọ́ nínú iyẹ̀pẹ̀, kíá ló máa dí. Ó ku èyí tó ní fóòmù kan àti èyí tó ní fóòmù méjì. Ó gbé wọn síwájú fèrèsé, ó ń wo ojú ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní onífóòmù kan ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí dáadáa, àmọ́ eruku kéékèèké náà á bá a mí wọlé. Ti onífóòmù méjì, èyí tó wà lóde á mú iyẹ̀pẹ̀, ti inú á mú lẹ́búlẹ́bú, tí èèyàn bá ṣáà rántí fi ọ́ìlì sí i. Ó da ọ́ìlì sí fóòmù náà nínú ọ̀rá, ó fún un títí ó fi kárí. Ó ní tí ọ́ìlì bá kéré, eruku á kọjá. Tó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì ò ní rí èémí mí. Mo ní ó dáa, mo ti gbọ́, ẹ jẹ́ n sùn.

Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó ní yíyàn nìkan ò tó, àfi kí òun dán an wò. Ó fi gírísì pa inú ọrùn rọ́bà tí fílítà fi wọnú ẹ́ńjìnnì, kí eruku tó bá yọ́ kọjá lè lẹ̀ mọ́ ọn, ó lọ wa ọkọ̀ náà nínú iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó padà wá fi aṣọ funfun nu inú ọrùn náà. Aṣọ náà dúdú díẹ̀. Háà, ọkọ mi ò jẹun lọ́jọ́ yẹn! Ọjọ́ kejì ló tó rí i pé fóòmù kọ́ ló jẹ̀bi, okùn tí wọ́n fi dè é lọ́rùn ni kò fún. Ó tún un dè, ó tún un wà, ó tún un nù. Aṣọ jáde ní funfun báláú. Ó pè mí wá wò ó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti wúkọ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an, lọ́sàn-án Sátidé, ni fóómàn ilé iṣẹ́ òkúta yọ sí wa. Ọmọdé ló jẹ́ sí ọkọ mi, ọkọ mi náà ló kọ́ ọ níṣẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, èèyàn méjì ti fibẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ gbà mí.”

“Eruku ibẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, a ti ń rí nǹkan ṣe sí i. Àbí iṣẹ́ ń pààyàn ni?”

Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ kì í pààyàn, kò dé ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta rí. Mo ń retí kí ọkọ mi bi í pé irú nǹkan wo lẹ ń ṣe sí i, ta ló dán an wò, aṣọ wo lẹ fi nù ún. Rárá. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.” Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ méjì wá fílítà fún ẹ́ńjìnnì oníẹ́ńjìnnì! Inú bí mi. Bí fóómàn ṣe jáde báyìí, mo ní kí n la ẹnu, ọkọ mi ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu.

“Ẹsẹ̀ rẹ ń wú,” ó ní. “O rò pé mi ò rí i?”

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, torí kò sẹ́ni tó máa bá mi sọ ọ́: nǹkan kan nínú mi yọ̀. Ó ti rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀. Mo rí ara mi tí mo jókòó nírọ̀lẹ́, tí mo na ẹsẹ̀, tí ẹlòmíì lọ síbi iṣẹ́ dípò mi. Mo mọ ohun tí dókítà sọ nípa ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ o. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, mo ká a sórí àga.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ti jáde. Mo ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, mo ń wá ìkejì, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Òun ni. Aṣọ rẹ̀ ṣì mọ́ bí mo ṣe lọ̀ ọ́.

“Kí ló dé?”

“Mo ní kí wọ́n fún mi ní ohun tí mo máa fi bo imú. Fóómàn fún mi ní àkísà. Mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, mo ń wo fóómàn látinú rẹ̀, mo ń rí eyín rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní eléyìí ò lè gba eruku dúró. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń ṣe jù. Ṣé ẹ́ńjìnnì ni yín ni?’ Mo ní rárá o. Ẹ́ńjìnnì kú, dókítà eyín ra òmíì.”

Ó wá ní kí n má bínú, pé òun mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí.

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, mo bú sẹ́kún. Bínú kẹ̀? Mo ní òun gan-an ló yẹ kó bínú sí mi. Mo sọ fún un pé inú mi dùn nígbà tó ní òun ń lọ.

Ó ní òun mọ̀.

Ó bá mi rí bàtà kejì lábẹ́ àga, mo wọ̀ ọ́, mo lọ síbi iṣẹ́.