Ọjọ́ Tí Ìwé Kan Pa Ọjà Wa

Ogun àgbáyé kejì ti parí, àwọn ọmọ wa tó lọ sí Bọ́má ti dé, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n iyọ̀ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, nígbà tí òyìnbó kan wá wo ọjà wa. Tísà ni mí nígbà náà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, n kò mọ̀ pé inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni irun mi yóò ti funfun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ àìyára-gba-ìwé-gbọ́, ẹ jókòó.

Ìlú wa kò tóbi, láàárín Abẹ́òkúta àti Itori ló wà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ìyá Sáfú, ní ìsọ̀ gààrí nínú ọjà létí títì. Ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ni, òun nìkan ló sì fi ń bọ́ ilé. Àlàbí, alágbàtà tó ń ra ekùrọ́ fún àwọn oníṣòwò ńlá, fẹ́ gba ilẹ̀ ọjà náà kọ́ ilé ìkẹ́rù. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó wà ní Abẹ́òkúta ní àwọn kò ní gba ti Àlàbí, àwọn kò ní gba ti àwa obìnrin. Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Èkó, àwọn tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wádìí ọ̀ràn kí wọ́n sì gba ìjọba nímọ̀ràn. Wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé náà kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Inú wa dùn, àwa òmùgọ̀.

Ọjọ́ tí òyìnbó tí wọ́n rán dé, Orò ló wà níta. Gbogbo obìnrin wà nínú ilé, fèrèsé tì gbọin. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ a kò gbọ́ ìró odó, a kò gbọ́ ohùn ọmọdé. Orò ké lókèèrè nínú igbó, ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ bàtà: kò, kò, kò. Ó dúró lábẹ́ fèrèsé wa tó kọjú sí ọjà.

"Àwọn ará ọjà dà?" Èdè òyìnbó ló fi béèrè.

"Wọ́n ti ṣí lọ, sà," Àlàbí dáhùn. "Ó pẹ́ tí ọjà yìí ti kú."

Mo la ẹnu láti pariwo. Ìyá Sáfú fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. "Dákẹ́! Ṣé o fẹ́ kí Orò gbé ọ ni?" Bàtà náà kọjá lọ, a wà láàyè nínú òkùnkùn yàrá, à ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sin wá.

Nígbà tí ìwé ìwádìí náà jáde, èmi ni mo kà á fún àwọn obìnrin ní ìsọ̀ Ìyá Sáfú. Ìwé náà dùn ún kà, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní ewúrẹ́ ló ń sùn lórí àtẹ, kò sí ohùn èèyàn, àfi afẹ́fẹ́ kan tó ń hu nínú igbó. Àwọn obìnrin kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Mo rí aláta tó fọwọ́ pa apá ara rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣì wà.

Ìyá Sáfú ní kí n tún ibì kan kà, ibi tó ti sọ pé omi tútù kún inú ìkòkò àwọn ìsọ̀. "Òkú kì í pọnmi," ó ní. "Ó rí i, ó kọ ọ́, kò bi ara rẹ̀ léèrè." Ó dìde. "Wọ́n ní a ti kú, àbí? Ẹ jẹ́ ká lọ bí òkú."

Ọjọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀, aṣọ funfun la ró lọ sí Abẹ́òkúta. A kò kọrin, a kò kí ẹnikẹ́ni. Ní Kútọ̀, ọkùnrin kan kí wa pé, "Ẹ kú ìrìn o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún kí wa, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó sá wọ ṣọ́ọ̀bù, ó tìlẹ̀kùn. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ta ni wọ́n ń kí tí kì í dáhùn, bí kò ṣe òkú? Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àwa tí à ń rìn.

Ọlọ́pàá kò dá wa dúró. A kún gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, a dákẹ́, títí Ìyá Sáfú fi sọ̀rọ̀, tí mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló pọn omi tí ẹ rí?"

Ó wo ìwé ara rẹ̀. "N kò mọ̀."

"Ilé ta lẹ dé sí?"

"Ilé Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí."

"Ta ló mú ọjọ́ tí ẹ wá?"

"Òun náà ni."

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọjọ́ Orò lẹ wá. Inú ilé la wà, à ń gbọ́ yín."

Mo wá sọ fún un, fúnra mi, ohun tó béèrè lábẹ́ fèrèsé wa, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó yíjú sí Àlàbí.

Àlàbí fò dìde. "Obìnrin kì í jẹ́rìí ọjọ́ Orò!"

"Orò ní ká má fojú rí òun, Àlàbí," Ìyá Sáfú dá a lóhùn. "Kò ní ká di etí."

Wọ́n gbé ìwé náà tì. Ọjà wa dúró, Ìyá Sáfú sì jókòó sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá, Àlàbí kò sì kúrò nílùú. Òyìnbó náà ńkọ́? N kò ní pè é ní òpùrọ́. Ohun tó rí ló kọ. Ẹni tó mú un rìn ló yan ohun tí yóò rí, àlejò sì lójú, kì í fi ríran. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé wọn kò tún ìwé náà kọ. Wọ́n kàn gbé e pamọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú Ìyá Sáfú, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí bá mi nínú ọjà náà. Ìwé tuntun ló mú dání, ìwé àtijọ́ yẹn ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rí nínú rẹ̀ pé ọjà wa ti kú tipẹ́. Ariwo àwọn tó ń nájà pọ̀ débi pé mo ní láti na etí kí n tó gbọ́ ohun tó ń kà.

"Mà, ṣé òótọ́ ni?"

"Kí àwọn èèyàn yìí wò," mo ní.

Ó kígbe pé, "Ẹ kú ọjà o!" Gbogbo ọjà ló dá a lóhùn. Ìsọ̀ Ìyá Sáfú nìkan ni kò sẹ́ni níbẹ̀; kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ mọ́ látìgbà tó ti kú. Mo lọ ṣí ìkòkò rẹ̀ wò. Omi kún un, ó tutù, ó mọ́. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ èèyàn ní ìbéèrè, n kò tíì béèrè títí dòní pé ta ló pọn ọ́n.