Ẹ̀wù tí Doña Otilia Wọ̀ fún Ààrò Ọkọ Rẹ̀

Ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ má purọ́ fún mi. Wọ́n ní Doña Otilia Cuamatzi bínú sí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àríwá, ní òdìkejì ẹnubodè, ó gbé òòlù, ó sì fọ́ gbogbo táìlì tí ọmọ náà rà sí ara ààrò búrẹ́dì rẹ̀ wómúwómú. Wọ́n ní bó ṣe ń fọ́ ọ ló ń ṣépè. Ẹnu Doña Brígida tó ń ta ògì gbígbóná lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ẹ̀yin náà sì mọ ẹnu Brígida: bó bá rí aláǹgbá lójú ọ̀nà, kó tó délé ó ti di ọ̀nì.

Èmi wà níbẹ̀. Kò sí òòlù. Kò sí èpè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ náà lè sinmi.

Comadre mi ni Otilia. Èmi ni mo gbé Nicanor, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, dúró níwájú fádà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìsàmì fún un, àti ọjọ́ náà ni èmi àti ìyá rẹ̀ kò ti fi "ìwọ" pe ara wa mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a jọ jí èso nínú ọgbà fádà nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ọkọ rẹ̀, Don Crescencio, oníbúrẹ́dì ni, kò sì sí ẹni tí kò jẹ búrẹ́dì rẹ̀ rí ní Tecuapan, abúlé wa. Nígbà tí ààrò àtijọ́ wọn wó, ó ní òun yóò fi ọwọ́ ara òun kọ́ tuntun sí ẹ̀yìnkùlé. Ó to bíríkì yípo, ó gbé òrùlé rẹ̀ rìbìtì bí ikùn aboyún, ó ṣe ẹnu rẹ̀, ó ṣe ihò èéfín. Ó ku kó rẹ́ ẹ lára kí òjò má baà máa jẹ bíríkì ni ọkàn rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ní àárín ààwẹ̀ Lẹ́ńtì.

Nicanor kò lè wá sin bàbá rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀ yẹn, bó bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. A gbé fóònù sí orí pósí níbi orí òkú. Ọmọ náà ń gbọ́ wa bí a ṣe ń gba róṣárì, àwa náà ń gbọ́ ọ bó ṣe ń fọn imú.

Nígbà tí àdúrà òkú parí, ó pe ìyá rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, à ń fọ ìkòkò.

"Mamá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ààrò Bàbá o. Èmi ni n ó parí ẹ̀."

"Láti ibi tóo wà yẹn? Ṣé ọwọ́ ẹ ti gùn tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Èmi ni n ó yan ohun tí wọ́n máa fi rẹ́ ẹ. Ohun tí kò ní bàjẹ́ láéláé."

Iṣẹ́ Nicanor níbẹ̀ ni kó máa lẹ táìlì sí ilé ìwẹ̀ àwọn olówó. Kí lẹ rò pé ó yàn? Sìmẹ́ńtì, kí wọ́n sì lẹ táìlì lé e lórí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ là ń ṣe é. Ẹ ò lè rí obìnrin kan ní abúlé wa tí kò mọ̀ pé ẹfun là ń fi rẹ́ ààrò, ẹfun tí wọ́n sun nínú iná, tí a da omi sí tó hó, tí a wá pò mọ́ iyanrìn àti omi nopal, igi ẹlẹ́gùn-ún yẹn tí ewé rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́ tó sì ń yọ̀ bí ilá. Ààrò ń mí. Tí iná bá wà nínú rẹ̀ á wú, tó bá tutù á sún kì. Ẹfun a máa bá a wú, a sì máa bá a sún. Ṣùgbọ́n ta ló ń fẹ́ ẹfun mọ́? Ẹ wo àwọn ilé tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ láti Àríwá: sìmẹ́ńtì láti ìsàlẹ̀ dókè, irin yọrí sókè ó ń dúró de àjà kẹta, kò sì sí ẹni tó ń sùn nínú wọn àfi adìyẹ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Àríwá tó bá ṣì ń fi ẹfun rẹ́ nǹkan, wọ́n á ní ọmọ náà ti gbàgbé rẹ̀.

Mo sọ fún un. Mo ní, "Comadre, iná ò mọ̀ pé Nicanor ló rà á o."

Ó ń nu abọ́ kan, ó nù ún títí. "Èmi náà mọ̀, comadre. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò fọwọ́ kan pósí bàbá ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan èyí."

Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tò ó mọ́ àwọn yòókù.

Ọkọ̀ gbé táìlì dé láti ìlú. Àwọ̀ búlúù ni, ẹja funfun wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Bíríkìlà kan wá láti abúlé kejì, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ààrò náà, ó lẹ táìlì náà mọ́ ọn láti ẹsẹ̀ títí dé ihò èéfín. Ó dán! Oòrùn bọ́ sórí rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí wa. Gbogbo àdúgbò wá wò ó, Brígida náà wá.

"Doña Otilia, ibo la ti máa ṣí omi ẹ̀? Mo ti mú kànrìnkàn mi dání."

"Jẹ́ kí iná ẹ̀ kọ́kọ́ gbóná, Brígida, kóo wá wọ inú ẹ̀ wẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ ẹ́."

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n mo ń rí comadre mi láràárọ̀ láti ojú fèrèsé mi. Kó tó fún adìyẹ lóúnjẹ, á kọ́kọ́ lọ gbé ọwọ́ lé ààrò náà. Á dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́wọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀.

Ọdún San Miguel kù díẹ̀, ó ní kí a dá iná àkọ́kọ́ sí i. A ti po ìyẹ̀fun, a ti gé e, ó ti ń wú nínú agbọ̀n lábẹ́ aṣọ. A to igi sínú ààrò, a ṣáná. Ó kọ́kọ́ dára. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ nǹkan kan, tín-ín, bí ìgbà tí ife bá là. Mo wo Otilia, Otilia wo mí. Ó tún dún. Kí n tó sọ pé kí la gbọ́ yìí, táìlì kan ti fò kúrò lára ààrò, pá! Òmíràn tẹ̀ lé e. Adìyẹ sá, ajá sá, èmi náà sá, mi ò ní tijú. Ẹja kan já sínú agbọ̀n búrẹ́dì wa. Sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìn wọn là bí gìgísẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà.

Ẹ̀yin, obìnrin yìí ò sá. Ó mú igi gbọọrọ tí a fi ń ti búrẹ́dì sínú iná, ó rọra ń fi ti àwọn táìlì tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n má baà já lé wa lórí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́, á fi etí aṣọ mú un bó ṣe gbóná, á tẹ́ ẹ sínú abọ́ ìfọṣọ. Kò sunkún. Ohun tó ń sọ ni pé, "Rọra, ọmọ mi. Rọra." Mi ò mọ̀ bóyá táìlì ló ń bá sọ̀rọ̀ ni àbí ẹlòmíràn.

Igi yẹn ni Brígida bá lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó yọjú láti wá ra búrẹ́dì. Igi yẹn ló di òòlù.

Ọ̀rọ̀ náà dé Àríwá kí àwa tó gbá ẹ̀yìnkùlé tán. Ọjọ́ Àìkú ni Nicanor máa ń pe ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kan kọjá, kò pè. Òmíràn kọjá. Otilia á gbé fóònù sórí tábìlì, á jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ọdún àwọn òkú ń bọ̀, àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí Crescencio ti lọ, búrẹ́dì tí a ó tẹ́ sórí tábìlì fún un sì gbọ́dọ̀ ti inú ààrò rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò fọwọ́ kan ààrò náà. Ó ní òun ò lè rẹ́ ẹ láìjẹ́ pé ọmọ náà gbọ́.

Ó sú mi. Èmi fúnra mi pè é.

"Nicanor, ìyá ìsàmì ẹ ni. Ṣé ahọ́n ẹ já ni?"

"Ẹ káàsán, ìyá ìsàmì mi."

"Káàsán kí ni? Ta ló ní ìyá ẹ fọ́ táìlì?"

"Ọmọ Doña Brígida ló fi ránṣẹ́ sí mi. Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ ò bá ti sọ."

"Dúró sórí ẹ̀rọ yẹn o. Tóo bá gé e, màá wá bá ẹ níbẹ̀, kí wọ́n wá mú èmi náà."

Mo sáré gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Otilia gbé abọ́ ìfọṣọ náà wá, ó di fóònù mú lókè rẹ̀ kí ọmọ náà lè rí àwọn táìlì náà bó ṣe tò wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ò fọ́ rárá. A ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́dọ̀ ọmọ náà.

"Ẹ̀yìn wọn dúdú," ó sọ ọ́ nígbẹ̀yìn.

"Iná ni."

"Mi ò ronú kan iná rárá, Mamá. Ilé ìwẹ̀ ni mò ń rò. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ààrò. Mo ti gbàgbé pé ó máa ń wú."

"O ò gbàgbé. Ibi tóo wà ló tutù."

Ó fọn imú. Ó ní, "Kí lẹ wá fẹ́ fi rẹ́ ẹ?"

"Ẹfun àti nopal."

"Ẹ rẹ́ ẹ. Ẹ ṣá jẹ́ kí n máa wò."

A so fóònù rọ̀ mọ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀. A há sìmẹ́ńtì náà kúrò, a fi ọ̀rá di ọwọ́ nítorí ẹfun tútù ń jẹ ara, a sì ń rẹ́ ẹ. Láti ara igi, ọmọ náà ń ṣe ọ̀gá lé wa lórí. "Ìyá ìsàmì mi, apá ọ̀dọ̀ yín wú ju ti Mamá lọ!" Mo ní, "Wá rẹ́ ẹ fúnra ẹ." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

A rẹ́ ẹ tán, àfi ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò èéfín, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo fẹ́ dí i, Otilia di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, comadre. Ti Nicanor ni. Òun ló máa dí i tó bá dé."

"Omi máa gba ibẹ̀ wọlé! Gbogbo iṣẹ́ ọkọ yín ló máa jẹ!"

"Màá máa fi abọ́ bò ó."

Ohùn kan wá láti ara igi. "Mamá. Òjò ò ní dúró dè mí. Ẹ dí i."

Ó gbójú sókè wo igi náà. "Ṣé ò ń bọ̀ ni?"

Ọmọ náà ní ọ̀gá òun ń pe òun. Ó ní òun máa pè ní Ọjọ́ Àìkú. Otilia bu ẹfun, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ dí ibẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ yí i, ó ń yí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dán tipẹ́tipẹ́.

Búrẹ́dì jáde, ẹ gbà mí gbọ́. Ó pupa fòò, ó rọ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ojú pópó. A tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú àwòrán Crescencio, pẹ̀lú òdòdó àti ife pulque, ọtí tó máa ń mu. Ààrò náà ò là níbì kankan.

Lẹ́yìn ọdún àwọn òkú náà mo lọ bá a kó eérú. Mo fi èékánná họ ẹ̀wù ẹfun tuntun náà wò, ó le bí òkúta. Inú mi dùn, mo ní, "Comadre, eléyìí máa pẹ́ o! Ó máa ṣe ọdún púpọ̀ kó tó béèrè ẹfun mìíràn."

Otilia kó eérú tó kù sínú gárawá, ó gbé e dé ìdí igi, ó dà á. Lẹ́yìn náà ló padà wá dúró tì mí.

Ó ní, "Ẹ má sọ fún Nicanor pé ó máa pẹ́ o, comadre. Tó bá pè yín, ẹ sọ fún un pé ó ti ń bó, a sì ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n rẹ́."