Obìnrin Tó Dáhùn

Àwọn ọmọ-ọmọ mi rò pé mi ò mọ nǹkan kan nípa fíìmù abanilẹ́rù. Wọ́n á jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ní, "Màmá àgbà, ẹ má wo eléyìí o, ẹ̀rù á bà yín." Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń pa mí. Kí n tó bí ìyá wọn ni mo ti ń wo irú rẹ̀ ní Lomé, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí.

Ilé sinimá wa kò ju gbọ̀ngàn onípáànù kan lọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń ṣí i fún àwa ọmọ iléèwé. Wọ́n á fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ooru á mú wa bí ẹni wà nídìí ààrò. Àwọn òyìnbó á jókòó sórí àga lẹ́yìn, àwa á há ara wa mọ́ orí bẹ́ńṣì níwájú. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an ni. Mo ti rí ọkùnrin eléyín gígùn níbẹ̀, mo sì ti rí òkú tó ṣí pósí tó jáde. Òkú yẹn ò dẹ́rù bà mí rárá. Mùsùlùmí ni wá, a kì í gbé òkú wa sínú pósí. Èyí tó bá jáde nínú pósí, kó lọ bá àwọn tó kàn án fún un.

Ìyá àgbà tó bí ìyá mi ló tọ́ mi. Àwo tánganran ló ń tà lọ́jà. Òfin kan ló fi dè mí: bí mo bá gbọ́ orúkọ mi, mi ò gbọdọ̀ dáhùn àfi tí mo bá rí ojú ẹni tó pè mí. Kò sí ilé Yorùbá tí wọn kì í ti kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fọ́mọ, ṣùgbọ́n ti Ìyá àgbà le ju tàwọn yòókù lọ. Ó ní ìyá mi wà nídìí kànga kan lọ́nà Avépozo lọ́sàn-án gangan, ohùn kan pè é, ó sì dáhùn. Ọjọ́ kẹta ló kú. Èmi nìkan ló kù fún Ìyá àgbà. Bí tíṣà bá kọjú sí pátákó tó pe orúkọ mi, mi ò ní sọ pé "présent" títí yóò fi yíjú padà. Pàṣán tí mo jẹ nítorí ìyẹn kò kéré.

Nígbà tí Ìyá àgbà gbọ́ pé òkú ń sọ̀rọ̀ nínú sinimá, ó ní òun á tẹ̀ lé mi. Ó kírun Àílà tán, ó wé gèlè, a lọ.

Obìnrin òyìnbó kan ló wà nínú fíìmù ọjọ́ náà, òun nìkan nínú ilé ńlá. Mò ń túmọ̀ Faransé sí Ìyá àgbà létí. Fún ìgbà pípẹ́, irun ni obìnrin náà ń yà.

"Ohun tó ń bà yín lẹ́rù nìyí?" Ìyá àgbà bi mí. "Obìnrin tí ò ríṣẹ́ ṣe?"

Ohùn kan wá pe obìnrin inú fíìmù náà láti yàrá abẹ́ ilé. Ohùn náà rọ̀, ó dùn. Obìnrin náà yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà dìde. "Má dáhùn!" ó kígbe. "Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má dáhùn!"

"Oui?" ni obìnrin náà wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òyìnbó kan ń pariwo lẹ́yìn pé kí arúgbó Ànàgó yẹn jókòó; Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ojú tì mí, mo fa ìró rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fíìmù tàn sójú rẹ̀, mo rí omijé, mo sì mọ̀ pé obìnrin inú fíìmù yẹn kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Títí dòní mi ò rántí ohun tó jáde lábẹ́ ilé náà. Fíìmù tó ń fi eyín àti ẹ̀jẹ̀ dẹ́rù bani, ọ̀lẹ ni. Èyí tó dáa ni èyí tí ohùn rẹ̀ bá dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ náà á fẹ́ dáhùn.

Ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú títí a fi délé. "Obìnrin yẹn ò níyàá," ó ní. "Ká ní ó níyàá ni, wọn ì bá ti kọ́ ọ."

Mo bi í pé ṣé kò kọ́ ìyá mi ni.

Ó ní, "Mo kọ́ ọ. Kó tó kú, ó ní ohùn mi lòun gbọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, bó bá fẹ́ pè mí, kì í pariwo orúkọ mi mọ́. Ó máa ń rìn wá bá mi ni, bí orúnkún bá tilẹ̀ ń dùn ún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìrìn yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo ti dàgbà, mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn Faransé ò sì tíì lọ nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwa méjì péré la wà nínú yàrá. Ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Mo dìde. "Ìyá, ẹ má dáhùn!" mo kígbe. "Mo bẹ̀ yín, ẹ má dáhùn!"

Ó rọra wò mí. "Ohùn ìyá ẹ ni," ó ní. Ó tún kọjú sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀ẹ̀n, ọmọ mi."