Ẹ́ńjìnnì Tí Bàbá Mi Ń Dúró Dè

Mo rántí ìgbà tí jíìpù bàbá mi kú síwájú ilé wa ní Koira Kano nílùú Niamey, tí omi àti ọ́ìlì ń kán sínú yanrìn lábẹ́ rẹ̀. Inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń gbé wa relé ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí a wà ní kékeré, àwa ọmọ láàárín ẹrù lẹ́yìn, bàbá mi níwájú tòun ti awò dúdú lójú, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun wà á. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà fi máa nọ́ọ̀kì, àìsàn ti dá bàbá mi náà dùbúlẹ̀. Dókítà ti pe èmi àti màmá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bá wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Bàbá mi mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́, kí òun dé ilé láàyè. Mùsùlùmí ni wá. Ẹni tó bá kú sí Niamey láàárọ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti wọlẹ̀ síbẹ̀. A kì í gbé òkú rin irú ìrìn yẹn. Bí ó bá fẹ́ sùn ti bàbá àti ìyá rẹ̀, àfi kó fúnra rẹ̀ débẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ ká wọ ọkọ̀ èrò. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní, "Èmi ni kí n sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, kí àwọn ọlọ́kadà máa jà lé mi lórí? Wọ́n mọ ọkọ̀ mi nílé." Mo yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi wá, kò tilẹ̀ jáde wò ó. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ó yé mi. Gbogbo àwa tí a wà lájò yìí ló mọ bí wọ́n ṣe ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń ti àjò bọ̀.

Mẹkáníìkì wa ní àdúgbò Lazaret, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Niamey, yẹ ọkọ̀ náà wò, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, moteur essence ló wà nílẹ̀, kí Jímọ̀ tó dé mo ti fi sínú ẹ̀. Ti gasoil bíi ti Bàbá, sai haƙuri, Cotonou ló ti máa wá." Ìyẹn ni pé ti bẹntiróòlù wà, ṣùgbọ́n ti dísẹ́ẹ̀lì, irú èyí tó kú, àfi ká ṣe sùúrù dè é.

Èmi tí mi ò lè pààrọ̀ táyà, mo ti kàwé nípa ẹ́ńjìnnì lórí fóònù mi ní báǹkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo jókòó síwájú bàbá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé agbára bẹntiróòlù bí ẹni pé èmi ni mo rọ ọ́. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó ní, "O ṣeun. Ti dísẹ́ẹ̀lì ni kí wọ́n bá mi wá. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wò."

Màmá mi tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n fi èyí tó wà nílẹ̀ sí i, pé kò ní mọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé etí Bàbá ṣì ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì."

A ránṣẹ́ sí Cotonou, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Wọ́n lọ aṣọ tí bàbá mi máa wọ̀ wọ̀lú, wọ́n fi kọ́ sára ògiri níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa tó o. Láràárọ̀ ni yóò béèrè pé, "Wọ́n ti gbé e kúrò ní ibodè?" Mo máa ń dáhùn pé ó kù díẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni kò béèrè. A sin ín lẹ́yìn ìrun alásárì, aṣọ náà sì ṣì wà lára ògiri.

Àwọn tó wá kí wa ò tíì tán nílẹ̀ nígbà tí mẹkáníìkì fi píkọ́ọ̀pù gbé ẹ́ńjìnnì náà dé, tó ń fọn fèrè fún bàbá mi. Kò tíì gbọ́. Nígbà tó rí àwọn ẹní àti àwọn èèyàn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ẹ́ńjìnnì náà mú, ó ń sunkún. Màmá mi ló ní kó lọ fi sí i, pé òun fẹ́ relé.

A wa jíìpù náà dé Ògbómọ̀ṣọ́ láìsí wàhálà kankan. Wọn ò tíì túfọ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Àwa ni wọ́n ń retí pé ká bá a sọ ọ́. Ìyá àgbà náà tiro jáde, ó kọjá lára mi, ó kọjá lára màmá mi, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì ń fọwọ́ tá ìjókòó. Ó ní, "Àbúrò mi, bọ́ sílẹ̀, a ti se omi ìwẹ̀ ẹ." Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún un nínú gbogbo wa.

Irun ti ń funfun lórí tèmi náà báyìí. Láìpẹ́ yìí mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé bí ó bá tó àsìkò, ọkọ̀ yòówù tí wọ́n bá rí, kí wọ́n ṣáà gbé mi relé. Àbígbẹ̀yìn mi gbójú sókè, ó ní, "Papa, ilé wo?" Mo fẹ́ dá a lóhùn, mo wá rántí pé Niamey níbí ni bàbá mi wà.